Bóòtì Bẹ́ẹ̀dì Mẹ́fà

Lásìkò tí mò ń sọ yìí, kò sí mẹkáníìkì tó tó mi ní gbogbo Kugbo. Ẹ lè ní mò ń fọ́nnu. Mò ń fọ́nnu lóòótọ́, àmọ́ mi ò purọ́. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni mí, SS1 ni mo ti sá kúrò nílé-ìwé, síbẹ̀ èmi nìkan ni mo yọ òkú ẹ́ńjìnnì kúrò nínú mọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n ṣe fún eré sísá, tí mo gbé ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ tó lágbára jù ú lọ sí i, tó sì jí. Mi ò ka ìwé kankan kí n tó ṣe é. Ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n, ọwọ́ ni mo fi ṣe é.

Mọ́tò náà kéré, ó rẹlẹ̀ débi pé téèyàn bá jókòó sínú ẹ̀, ó máa dà bíi pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ lèèyàn jókòó sí. Sítì méjì péré ló ní. Òrùlé ẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn bí ẹní. Wọ́n ti ṣe é tipẹ́ kí ìyá mi tó mọ bàbá mi. Ilẹ̀kùn ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ máa ń há. Ẹ gbọ́dọ̀ gbé e sókè díẹ̀ kí ẹ tó fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa fà á títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Bàbá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní mínísìrì ló ni ín. Kubwa ló ń gbé. Ìlú òyìnbó ló ti rà á nígbà tó ń kàwé níbẹ̀, ó fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wálé. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ kú, ó fi tapólì bò ó lẹ́yìn ilé, ó wà níbẹ̀ fún bí ogún ọdún. Ọmọ Kogi ni bàbá yìí, apá ọ̀dọ̀ wa gan-an, nítòsí Kabba. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ó gbọ́ tí mò ń bú nọ́ọ̀tì kan tí kò tú, ó ní, "Òkun o!" Mo yíjú padà. Bí wọ́n ṣe ń kíni nílé wa nìyẹn, ó sì ti tó ọdún márùn-ún tẹ́nikẹ́ni ti kí mi bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Ọ̀gá mi ní òun ò lè ṣe mọ́tò náà. Ó ní tí a bá gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára sí i, ṣáfùtì kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀ máa ṣẹ́. Mo ní kò ní ṣẹ́. Ó ní ta ni mí. Mo ní òun náà á rí i. Ọ̀rọ̀ dariwo. Mo kó spánà mi sínú àpò sìmẹ́ńtì, mo sọdá títì, mo lọ dúró sábẹ́ igi dógóyárò kan létí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti àga. Bàbá náà ní kí wọ́n wọ́ mọ́tò òun tẹ̀ lé mi. Bí mo ṣe di ọ̀gá ara mi nìyẹn.

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ọ̀gá ara ẹni kì í rẹ́ni bá sọ̀rọ̀. Àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, Hausa ni wọ́n ń sọ. Láàárọ̀ wọ́n á ní, "Sànnu," èmi á ní, "Yauwa," ó parí, ó di ọjọ́ kejì. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, mọ́tò nìkan ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Àmọ́ tó bá di Sátidé, Bàbá tó ni mọ́tò á dé pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin sísè, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa wò mí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́, á máa bi mí ní ìbéèrè. "Injíníà, kí ni ti wáyà yìí?" Injíníà ló máa ń pè mí. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn ju bí mo ṣe fi hàn lọ.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Sátidé tó yẹ kó parí, mo ti sọ fún un pé, "Bàbá, agogo méjìlá ọ̀sán, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wà á." Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn mo tú jọ́ìntì ẹ̀yìn láti fi gíríìsì tuntun sí i. Jọ́ìntì yìí ló so ṣáfùtì mọ́ jíà, òun ló ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì lọ sí táyà. Bóòtì mẹ́fà ló dì í mú. Orí àwọn bóòtì náà ti jẹ, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń tú wọn ò mú wọn, mo fi ṣísẹ́lì gé wọn dànù. Ó wá ku bóòtì tuntun mẹ́fà. Apo ni wọ́n ti ń tà á, mọ́tò méjì ni màá wọ̀ kí n tó débẹ̀, agogo mọ́kànlá sì ti lù.

Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi. Málàmù tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì ń fi bóòtì so igi orí bẹ́ẹ̀dì kan. Bóòtì rẹ̀ ń dán bíi fàdákà. Ihò igun mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀, bíi ti mọ́tò gan-an, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló ń tú u. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó fún mi ní mẹ́fà. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo dán ọ̀kan wò. Ó wọlé geere, bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n ṣe é fún. Mo de mẹ́fẹ̀ẹ̀fà títí apá fi ro mí. Mo wẹ ọwọ́ mi. Agogo méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bàbá wà á lọ sí apá Karu, a sì padà. Èmi ló jókòó sí sítì kejì. Atẹ́gùn ń gba fìlà ẹ̀, ó fi ọwọ́ kan dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáwé olúborí. Nígbà tí a dúró, ó pa ẹ́ńjìnnì, kò tètè sọ̀kalẹ̀.

"Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìn tì," ó ní. "Mọ́tò yìí ni mo máa wà relé. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rùn-ún. Nígbà tí mo rà á, mo fi fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sí wọn láti òkè òkun. Wọ́n ní ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wá gbé àwọn. Títí dòní, wọn ò tíì wọ̀ ọ́."

"Wọ́n máa wọ̀ ọ́, sà."

"Àwọn ọmọ mi wà ní Canada. Orí fídíò la ti ń ríra. Ìwọ lo máa jókòó síbi tó o jókòó sí yìí. A jọ máa lọ ni."

Mo ní, "Màá wo àyè mi, sà." Àyè wo? Lọ́jọ́ kejì mo lọ ra ṣẹ́ẹ̀tì tuntun ní Wuse. Bí mo ṣe kúrò nílé ni pé èmi àti bàbá tó bí mi jà lórí ọ̀rọ̀ ilé-ìwé, mo sì sọ níwájú gbogbo àdúgbò pé inú mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ ni wọ́n ti máa tún rí mi. Ọdún márùn-ún nìyẹn. Mi ò lè wọ bọ́ọ̀sì padà lẹ́yìn irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá pè mí. "Injíníà, mọ́tò ò rìn mọ́. Ẹ́ńjìnnì ń ké, àmọ́ kò lọ."

Mo bá a ní ẹ̀bá títì ẹ́ksíprẹ́sì Kubwa, ó dúró nínú oòrùn pẹ̀lú kóòtù iṣẹ́ lọ́rùn. Mo rá wọ abẹ́ mọ́tò. Mi ò nílò tọ́ọ̀ṣì. Ṣáfùtì ti jábọ́ lápá kan, ó ń fì. Bóòtì méjì ti tú dànù sójú títì. Mẹ́rin tó kù ti já lọ́rùn, kùkùté wọn há sínú irin. Orí ọ̀kan há sórí irin kan lábẹ́ mọ́tò, ó ṣì ń dán. Mo mú un, mo fi í sápò.

Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mò ń wo bàtà ẹ̀ láti abẹ́ mọ́tò. Ó ní, "Tírélà kan ló ń fọn fèrè lẹ́yìn mi. Ẹ̀rù bà mí, mo tẹ tọ́rọ́tù kó lè sáré. Mo tẹ̀ ẹ́ jù, àbí?"

Ẹ gbọ́, ìgbà yẹn ni ǹ bá ti sọ ọ́. Orí bóòtì wà lápò mi. Ẹnu mi ló sọ ohun tó sọ.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ jù díẹ̀, sà."

"Mo mọ̀," ó ní. Ó dìde. "Mo mọ̀."

Mọ́tò tówìn gbé wa dé Kugbo. Nígbà tí wọ́n já mọ́tò kalẹ̀ lábẹ́ dógóyárò, Bàbá fi ọwọ́ nu eruku lórí ẹ̀, ó ní, "Mo ti dàgbà jù fún un. Ọkùnrin kan wà ní Wuse tó ti ń bẹ̀ mí pé kí n tà á. Mo máa pè é. Bá mi tún un ṣe, ó máa wá gbé e ní agogo mọ́kànlá Sátidé."

"Bàbá, ẹ má tà á. Ohun kékeré ni."

"Ká ní ìyá mi ló wà nínú ẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ̀ mi ò mọ ìwọ̀n mọ́. Ṣe é kó dáa fún ẹlòmíràn."

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Kò pè mí ní Injíníà, kì í ṣe pé ó ń bínú. Ó kàn ti rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀ àti ọjọ́ Ẹtì, èmi àti kùkùté mẹ́rin ló jà. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Tí orí bóòtì bá já, kò sóhun tí spánà máa dì mú mọ́. Ẹ máa fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó gún ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ẹ máa fi òòlù kàn án díẹ̀díẹ̀ lápá òsì kó lè máa yí. Kò gba ìkánjú, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìkánjú ni èmi. Àkọ́kọ́ yí jáde láàárín wákàtí kan. Ìkejì náà yí. Ìkẹta já sínú ju àwọn tó kù lọ, mo gbé irin tó há sí lọ sọ́dọ̀ jórinjórin tó ń ṣe irin bẹ́ẹ̀dì, ó jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn lórí, nígbà tó tutù mo fi spánà tú u. Ìkẹrin ò gbà. Ó jó nọ́ọ̀tì mọ́ ọn, ó já. Ó tún jó o, ó tún já. Ó wò mí, ó ní, "Kai, oga, wetin you put here?"

Mo padà sábẹ́ igi, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì tí Bàbá máa ń jókòó sí. Ọkàn mi ń rò ó síwá sẹ́yìn. Tí mo bá sọ òtítọ́, ta ló máa tún fi irú mi sí sítì kejì? Kò ní wá ní Sátidé mọ́. Tí mi ò bá sọ, ó máa ta mọ́tò, ìyá ẹ̀ ò sì ní wọ̀ ọ́ láyé, ó máa gbà pé ẹsẹ̀ òun ló bà á jẹ́. Mo ní kí n pe ẹnì kan láti bi í pé kí ni kí n ṣe. Mo yẹ fóònù mi wò. Orúkọ àwọn oníbàárà, orúkọ àwọn tó ń ta pátì mọ́tò, orúkọ Bàbá. Òun gan-an ni ẹni tí ǹ bá pè.

Mo sọdá títì lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá mi.

"Ta nìyí?" ó ké. "Injíníà àgbà! Ẹ bá mi gbé àga fún un o, kò lè jókòó lórí táyà mọ́!"

"Ẹ káàsán, ọ̀gá."

"Kí ló já?"

"Bóòtì jọ́ìntì ẹ̀yìn."

"Mú un wá."

Mo fi orí bóòtì náà lé e lọ́wọ́. Ó fi èékánná ha á, ó yí i sí oòrùn. Mo ń retí pé kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló dùn mí jù.

"Nọ́ńbà orí ẹ̀ dà?"

"Kò ní nọ́ńbà."

"Kí ni mo sọ fún ẹ lọ́dún àkọ́kọ́ tó o dé ọ̀dọ̀ mi?"

"Ẹ ní nọ́ńbà ló ń sọ bí bóòtì ṣe lágbára tó, èyí tí kò bá ní nọ́ńbà lórí, kí n má fi í síbi tó bá ń yí."

Ó wo ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì lódìkejì títì. "Bẹ́ẹ̀dì ò kí ń yí," ó ní. "Àyàfi tí ẹni tó sùn lé e bá ń yí." Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé o ti sọ fún bàbá tó ni mọ́tò?"

"Rárá, ọ̀gá."

Ó wọlé. Ó gbé dìrílì tó ń yí sápá òsì jáde, àti spánà gígùn kan tó fi aṣọ wé. Mo mọ spánà yẹn. Kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn án. Ẹ máa yí i sí ìwọ̀n tẹ́ ẹ fẹ́, tí bóòtì bá ti le tó, á dún ká! Ó ní, "Tó bá ti dún, ó tó. Má fi ìfọ́nnu kún un. Tó o bá dé Apo, béèrè bóòtì tí wọ́n kọ 12.9 sí lórí." Mo ti ń lọ nígbà tó tún pè mí. "Ìwọ. Ṣáfùtì yẹn ńkọ́?"

"Kò ṣẹ́, ọ̀gá. Kò tẹ̀ rárá."

"Mo rò pé ó máa ṣẹ́." Ó wo ìsàlẹ̀. "Iṣẹ́ ẹ dáa. Ó ku ọ̀rọ̀ bóòtì."

Dìrílì ọ̀gá yọ kùkùté ìkẹrin kó tó di ìrọ̀lẹ́. Mo lọ sí Apo, mo ra mẹ́fà, dúdú ni wọ́n, wọn ò dán rárá. Mo fi ìka wọ́ nọ́ńbà orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan nínú mọ́tò bí mo ṣe ń bọ̀.

Láàárọ̀ Sátidé, Bàbá dé ní agogo mẹ́wàá. Kò mú búrẹ́dì wá. Mo ti to márùn-ún nínú àwọn bóòtì náà sínú ihò wọn, ọwọ́ ni mo fi yí wọn wọlé, mi ò tíì dè wọ́n.

"Ṣé ó ti parí?"

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Mo la ọwọ́ mi. Bóòtì dúdú kan tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ wà níbẹ̀, èyí tó ń dán wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò ní ju orí lọ. "Dúdú yìí ni ti mọ́tò. Èyí ni mo fi sí i lọ́jọ́ yẹn."

"Níbo ló ti wá?"

"Ti bẹ́ẹ̀dì ni, sà."

"Bẹ́ẹ̀dì?" Ó wo ọ̀ọ́kán, níbi tí Málàmù ti to bẹ́ẹ̀dì síta. Ó wò mí padà. "Nígbà tí mo bi ẹ́ lójú títì, ṣé o ti mọ̀?"

"Mo ti mọ̀, sà."

"O jẹ́ kí n rò pé ẹsẹ̀ mi ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀bẹ̀ ni mò ń bẹ̀. Ẹ ò tẹ̀ ẹ́ jù. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, bóòtì tó dáa ò ní já. Ẹ má tà á torí tèmi."

"Mo ti sọ fún ìyá mi pé mọ́tò ò bọ̀ mọ́," ó ní. Ohùn ẹ̀ ò ga. "Wọ́n ní kò burú. Obìnrin yẹn ti ń dúró kí ìwọ tó dáyé, ó ní kò burú."

Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀. Ó wá ní, "Wọ abẹ́ ẹ̀. Dè wọ́n. Èmi á máa kà á."

Mo mú ìkẹfà wọ abẹ́ ẹ̀. Mo ń dè wọ́n ní ìdojúkọ ara wọn, bí ọ̀gá ṣe kọ́ mi. Ká! Láti òkè, Bàbá ní, "Ení." Ká! "Èjì." Nígbà tó pe mẹ́fà, ó ní kí n tún bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́. Mo tún un ṣe. Mo gbọ́ tó ń pe ọkùnrin Wuse lórí fóònù pé kó má bínú, òun ò tà á mọ́. Ìgbà tí mo fi jáde, ó ti wà nídìí mọ́tò. Ó wà á lọ. Sítì kejì ṣófo.

Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn náà, kò wá.

Sátidé ìparí oṣù, mo wọ ṣẹ́ẹ̀tì tuntun mi, mo mú spánà ọ̀gá tí mo tún lọ yá dání, mo lọ sí Kubwa. Mo ti wéwèé ohun tí màá sọ: pé bóòtì tuntun tó bá ti rin ìrìn díẹ̀, ó yẹ kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò kó tó lọ ọ̀nà jíjìn. Òótọ́ ni. Kì í sì í ṣe ìdí tí mo fi lọ.

Mọ́tò ti wà níta géètì, ó ń dán. Bàbá dúró tì í. Mo kí i, mo sọ̀rọ̀ bóòtì. Ó ní, "Yẹ̀ ẹ́ wò." Mo tẹ́ páálí, mo wọ abẹ́ ẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tuntun. Ká, ká, ká, ká, ká, ká. Ìkankan ò mì.

Ìgbà tí mo dìde ni mo tó wo inú ẹ̀. Báàgì ńlá kan wà lórí sítì kejì, páálí kan wà lórí ẹ̀, aṣọ òkè tuntun tí wọ́n ká dáadáa wà lórí páálí. Ó ti fi bẹ́líìtì dè wọ́n bí ẹni de èèyàn. Bàbá rí i pé mo rí i.

"O ṣé," ó ní. "Iṣẹ́ ẹ dáa."

"Ẹ fara balẹ̀ rìn, sà. Tẹ́ ẹ bá ti dé, ẹ pè mí. Torí bóòtì."

"Mo máa pè."

Mo dúró títí mi ò fi gbọ́ ohùn ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Mo mọ ohùn ẹ̀ láàárín ẹgbẹ̀rún mọ́tò, ó sì pẹ́ kí n tó pàdánù ẹ̀. Lẹ́yìn náà mo wọ bọ́ọ̀sì padà sí Kugbo.

Ó pè mí nígbà tí oòrùn ti ń lọ sílẹ̀. Ariwo pọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, èèyàn tó ń pariwo ní èdè ilé wa, tó ń pàtẹ́wọ́, ọmọdé tó ń fọn fèrè mọ́tò.

"Mo ti dé," ó ní. "Kò mì rárá."

"Ẹ kú ewu ọ̀nà, sà."

Mo gbọ́ ohùn obìnrin àgbà kan nítòsí fóònù, tó ń béèrè pé ta ló ń bá sọ̀rọ̀.

"Ẹni tó tún mọ́tò ṣe ni, Ìyá," Bàbá dá wọn lóhùn.

Kò pa fóònù. Bóyá ó gbàgbé. Mo fi í mọ́ etí, mò ń gbọ́ wọn. Wọ́n ń kó ẹrù kúrò lórí sítì. Ẹnì kan ní kí wọ́n di Ìyá lọ́wọ́ mú. Mo gbọ́ tí wọ́n fa ilẹ̀kùn, kò ṣí. Wọ́n tún fà á. Mo ní, "Ẹ gbé e sókè díẹ̀." Wọ́n tún fà á, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo tún sọ ọ́, mo pariwo ẹ̀ lábẹ́ dógóyárò débi tí Málàmù fi gbójú sókè: "Ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ tó fà á!"

Fóònù ti kú.